Ihò Kẹta Lára Ògiri

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìbínú ṣe ń rí, kó lọ máa gbé pẹ̀lú bàbá tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́lé. Ẹ ò ní lè kan ìṣó kan mọ́ ògiri kí wọ́n má bi yín léèrè ohun tí ògiri náà fi ṣẹ̀ yín. Bàbá tèmi tún wá ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí àwọn fúnra wọn náà ni wọ́n fa gbogbo wáyà iná inú ilé wa. Atúnrédíòṣe ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọ́n sì gbà pé kò sí ohun tí wáyà lè ṣe láyé yìí tí àwọn ò mọ̀.

Gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé wa, oníhò méjì ni. Ihò kan ń gbé iná wá, ihò kejì ń dá a padà, ó parí. Kò sí ìkẹta, èyí tó yẹ kí wáyà rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ilẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí nǹkan bá bàjẹ́ nínú ẹ̀rọ kan, ilẹ̀ ni iná á sá lọ, kò ní gba ara èèyàn kọjá. Torí bẹ́ẹ̀ ni firíìjì wa fi máa ń jẹni. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ó ń jẹni. Tí ẹ bá fọwọ́ lásán kan ìlẹ̀kùn rẹ̀, gbogbo ara yín á ta gìrì. Ṣé ẹ rò pé a pe ẹnì kan kó wá tún un ṣe ni? Rárá o. Aṣọ kan la gbé kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun la fi ń ṣí i. Ìgbà tí mo dàgbà, tí mo ń wọlé àwọn ọ̀rẹ́ mi, ni mo tó mọ̀ pé firíìjì ilé ẹlòmíràn kì í jẹni.

Tí mo bá sọ ọ́, Bàbá á ní, "Ó ti pa ẹnì kankan rí bí?"

"Kò tíì pa ẹnikẹ́ni, Bàbá."

"Imú rẹ ńkọ́? Ihò méjì kọ́ ló ní? Ṣé o ò rí èémí mí ni?"

Kí lèèyàn fẹ́ sọ sí irú ọ̀rọ̀ yẹn? Màá gbé báàgì mi, màá bá tèmi lọ. Ilé ìfọṣọ kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́, aṣọ ni mo ń lọ̀ níbẹ̀ látàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ó kéré tán, áyọ́ọ̀nù wọn kì í jẹni.

Ọ̀rọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì yìí kì bá máa jẹ́ àpárá lọ bẹ́ẹ̀ ká ní ẹ̀dọ̀fóró Màámi ò daṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n pẹ́ ní ọsibítù. Nígbà tí ara wọn balẹ̀ díẹ̀, dókítà ní wọ́n lè máa bọ̀ nílé, àmọ́ ẹ̀rọ kan gbọ́dọ̀ wà nílé tí á máa fún wọn ní afẹ́fẹ́ látinú rọ́bà tín-ín-rín tí wọ́n á fi sí imú, tọ̀sán-tòru. Ọsibítù ló ń yáni ní ẹ̀rọ náà. Ohun tí wọ́n ní ká ṣe kò ju ẹyọ kan lọ: kí sọ́kẹ́ẹ̀tì oníhò mẹ́ta wà ní yàrá Màámi, kí wáyà ilẹ̀ rẹ̀ sì máa ṣiṣẹ́. Nọ́ọ̀sì kan máa wá yẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá dáa, á gbé ẹ̀rọ sílẹ̀, wọ́n á sì gbé Màámi wá lọ́jọ́ náà. Tí kò bá dáa, ẹ̀rọ á lọ sílé aláìsàn mìíràn, àwa á sì lọ tò sẹ́yìn, kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó tún máa kàn wá.

"Ẹ gbé mi kúrò níbí," Màámi sọ fún mi nígbà tí mo lọ kí wọn. "Wọn ò mọ orúkọ mi. Nọ́mbà bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n fi ń pè mí. Mi ò fẹ́ kú síbi tí wọ́n ti ń fi nọ́mbà pè mí."

"Màámi, ẹ ò ní kú."

"Mo gbọ́. Ṣáà yára."

Mo yára. Ọlọ́run rí mi, mo yára. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni mo wá oníṣẹ́ iná kan lọ. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, mi ò fi pè é mọ́, Mo-Wà-Lọ́nà ni mo ń pè é, torí ohun tó máa ń sọ nìyẹn nígbàkigbà tí mo bá tẹ̀ ẹ́ láago. Mo lè máa gbọ́ bí omi ṣe ń dà lé e lórí ní balùwẹ̀, á ní, "Àǹtí, mo wà lọ́nà." Ṣùgbọ́n kí n tó bú u tán, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ó mọṣẹ́. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá, ó tú sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ní yàrá Màámi, ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú ẹ̀, ó sì súfèé.

"Àǹtí, wáyà yìí jù mí lọ. Ó yẹ kí n dọ̀bálẹ̀ kí i ni."

"Má dọ̀bálẹ̀ fún nǹkan kan. Báwo la ṣe máa tún un ṣe?"

Ó ní òun máa gbá irin gígùn kan wọlẹ̀ lẹ́yìn ilé. Láti ara irin yẹn ni wáyà tuntun á ti wọlé, á gba inú ògiri dé yàrá Màámi. Òun á gbẹ́ ojú ibi tí wáyà máa gbà, òun á sì rẹ́ ẹ padà.

"Á gbẹ́ kí ni?" Bàbá ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tí a bá pè fún oúnjẹ tí kò ní gbọ́, ó ti gbọ́ ti ògiri.

"Ògiri ni, Bàbá," Mo-Wà-Lọ́nà wí. "Díẹ̀ báyìí ni."

"Ògiri ilé ta ni?"

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ògiri yẹn fún yín. Nígbà tí Màámi wà ní ọsibítù, Bàbá lọ ra ọ̀dà aláwọ̀ ewé tí Màámi ti ń bẹ̀ wọ́n fún látọdún gbọ́nhan, wọ́n dá gun àkàbà pẹ̀lú orókún tó ń dùn wọ́n, wọ́n fi kun gbogbo yàrá náà. Wọn ò jẹ́ kí n bá wọn dá sí i. Ó dáa lóòótọ́, mi ò lè purọ́. Àmọ́ ohun tó wá ń jẹ wọ́n lọ́kàn nìyẹn, pé ìyàwó àwọn ò gbọ́dọ̀ wọlé wá bá ògiri tí wọ́n ti là níkùn.

"Bàbá," mo ní, "a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Màámi ò rí èémí mí, ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ ọ̀dà."

"Ṣé èmi ni mo ní kí ìyá rẹ má mí ni?"

Mo-Wà-Lọ́nà ní kò burú, òun lè jẹ́ kí wáyà gba ojú ògiri nínú páìpù funfun pẹlẹbẹ, òun ò ní gbẹ́ nǹkan kan. Bàbá bi í bóyá ṣọ́ọ̀bù ló pe ilé àwọn. Ó ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kó gba orí àjà. Bàbá ní àwọn ni àwọn kan àjà náà, kò sì sí pákó kan níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni máa yọ lójú àwọn. Ó kù díẹ̀ kí n ní kí wáyà náà kúkú gba ọ̀nà ọ̀fun mi. Bí a ṣe ń fà á lọ fà á bọ̀ nìyẹn, ọjọ́ ń lọ, ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì dá sì ń sún mọ́ tòsí. Mo pariwo, mo bẹ̀bẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo tún dìde pariwo. Níkẹyìn ni wọ́n gbà pé kó gbẹ́ ìsàlẹ̀ ògiri, lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì, níbi tí ojú ò ti ní tó o.

Inú mi dùn, mo rò pé ogun ti parí. Mo-Wà-Lọ́nà gbé irin náà wá, ó gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ní yàrá Màámi, ó sì fi tuntun sí i. Ó funfun báláú. Ihò mẹ́ta ló là sílẹ̀ lára ògiri, ṣùgbọ́n kò tíì sí nǹkan kan lẹ́yìn ìkẹta. Ó ní òun á padà wá lọ́jọ́ kejì wá gbá irin, kí òun sì fa wáyà.

Ọjọ́ kejì dé, kò dé. Mo pè é. Ó wà lọ́nà. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, mo tún pè é.

"Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

"Èyí tí o ò mú rárá ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ká ní mo rí i nítòsí lọ́jọ́ náà ni, ìgbájú ni ì bá fi rẹ́rìn-ín náà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì dá, mo ti ibi iṣẹ́ dé, ẹsẹ̀ ń ro mí, orí ń fọ́ mi, mo ti ń ka ẹ̀bẹ̀ tí màá bẹ nọ́ọ̀sì sínú. Bàbá jókòó sí pálọ̀, wọ́n ń yí rédíò wọn.

"Oníṣẹ́ iná rẹ wá," wọ́n ní.

"Ó wá?"

"O ò pẹ́ jáde tó fi dé. Ó ti parí ẹ̀. Lọ wò ó."

Mo sáré wọ yàrá. Sọ́kẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, wọ́n ti sún bẹ́ẹ̀dì mọ́ ògiri, wọ́n sì ti tẹ́ aṣọ sí i dáadáa. Mi ò fa bẹ́ẹ̀dì wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ta ló fẹ́ fa bẹ́ẹ̀dì wo ẹ̀yìn ayọ̀? Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì náà, mo sì dúpẹ́. Mo tiẹ̀ ṣàdúrà fún Mo-Wà-Lọ́nà àti gbogbo ìran rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì tètè dé láàárọ̀. Obìnrin kan tí kì í fọ̀rọ̀ ṣòfò ni, ó kí Bàbá pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó ní ká mú òun lọ sí yàrá. Ó yọ nǹkan kékeré kan nínú báàgì rẹ̀ tó ní iná wínníwínní mẹ́ta lára, ó tì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Iná méjì tàn, bó ṣe yẹ. Ó mi orí sókè sódò.

"Ó dáa," ó ní. "Wáyà ilẹ̀ wà. Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá."

Mo pariwo! Mo dì mọ́ nọ́ọ̀sì tí mi ò mọ̀ rí. Ó tẹ ọsibítù láago níbẹ̀, ó ní kí wọ́n máa múra Màámi sílẹ̀, ẹnì kan sì gbé fóònù fún Màámi lọ́hùn-ún.

"Ṣé lóòótọ́ ni?" Màámi bi mí.

"Lóòótọ́ ni, Màámi. Ẹ ń bọ̀ nílé lónìí."

Bàbá kọjú sí fèrèsé. Mo rò pé wọ́n ń sunkún ayọ̀ ni, mo sì fi wọ́n sílẹ̀.

Ẹ̀rọ náà tóbi tó àpótí aṣọ, ó ní táyà lẹ́sẹ̀. Ìlẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, abala méjì ló ní, abala kan ṣoṣo la sì máa ń ṣí. Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀rọ ò ní gbabẹ̀ kọjá, kí n ṣí èkejì. Mo ti abala kejì, kò lọ. Mo tún tì í, nǹkan kan dún gbọngan lẹ́yìn rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ wo ibẹ̀.

Irin náà ni. Irin gígùn tó yẹ kó ti wà nínú ilẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó dúró ṣánṣán lẹ́yìn ìlẹ̀kùn pẹ̀lú wáyà tuntun tí wọ́n ká mọ́ ọn lọ́rùn, ọ̀rá ṣì wà lára ẹ̀.

Tí irin bá wà níbí, kí ló wà nínú ilẹ̀? Tí kò bá sí nǹkan kan nínú ilẹ̀, kí ni nǹkan kékeré tí nọ́ọ̀sì fi yẹ̀ ẹ́ wò rí?

Mo gbójú sókè, Bàbá ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà yàrá. Wọ́n mi orí fún mi díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo wà ní kékeré tí wọn ò fẹ́ kí n sọ nǹkan kan lójú àlejò.

"Jẹ́ kí nọ́ọ̀sì gbé ẹ̀rọ wọlé," wọ́n ní.

Kí n má tàn yín, ó wù mí kí n dákẹ́. Nọ́ọ̀sì ti ní ó dáa. Màámi ti gbọ́. Ṣe ni kí n gbé irin yẹn sápá kan, kí n ṣí ìlẹ̀kùn, Màámi á sì sun orí bẹ́ẹ̀dì wọn lónìí. Inú wá bí mi, inú bí mi sí irin, sí Bàbá, sí Mo-Wà-Lọ́nà, sí gbogbo ẹni tó fi irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ sí mi lọ́rùn láàárọ̀ kùtùkùtù.

"Bàbá," mo ní, "ṣé oníṣẹ́ iná wá lánàá?"

"Mo ní ó wá."

"Kí ló gbá wọlẹ̀?"

Nọ́ọ̀sì wò mí, ó wo Bàbá.

Mo lọ pa iná gbogbo ilé láti ibi mítà. Mo mú ọ̀bẹ ní kíṣìnnì, mo fi ẹnu rẹ̀ tú súkúrù sọ́kẹ́ẹ̀tì náà, mo fà á jáde lára ògiri. Wáyà kúkúrú kan ló wà níbẹ̀, kò gùn ju ìka lọ. Láti ihò kẹta, ó bọ́ sára wáyà tó ń dá iná padà. Wọ́n dè é, wọ́n tún fi rọ́bà wé e, ó mọ́ tónítóní. Mo-Wà-Lọ́nà ò lè fara balẹ̀ ṣe nǹkan tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ láyé. Ọwọ́ Bàbá ni.

Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ wò ó. Nígbà tó dìde, ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Nǹkan tí mo fi yẹ̀ ẹ́ wò ò lè mọ èyí. Ó rí wáyà, ó rò pé ilẹ̀ ni." Ó yíjú sí Bàbá. "Bàbá, tí wáyà tó ń dá iná padà yìí bá já níbikíbi nínú ilé, gbogbo ara ẹ̀rọ ni iná máa wà. Ọwọ́ Màámi á wà lára irin rẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Mo mọ̀," Bàbá ní. "Kò lè já. Èmi ni mo fà á."

"Kí wọ́n tó bí mi lẹ ti fà á!" Mo ti ń pariwo, mi ò lè dá ẹnu mi dúró mọ́. "Ẹ mọ̀! Ẹ mọ̀, ẹ sì fẹ́ gbé Màámi sùn tì í! Ọgbọ́n wo nìyẹn, Bàbá? Ìfẹ́ wo nìyẹn?"

Nọ́ọ̀sì ò bá mi pariwo. Ó rọra yí ẹ̀rọ rẹ̀ padà. Ó ní òun ò ní sọ ju pé ilé ò tíì ṣe tán lọ, kí á pe òun nígbà tí wáyà gidi bá ti wọlé. Ṣùgbọ́n òun ò lè fi ẹ̀rọ náà pamọ́ dè wá, ẹni tó kàn ń retí rẹ̀. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mò ń wo táyà rẹ̀ bó ṣe ń yí lọ títí ó fi wọ mọ́tò.

Nígbà tí mo padà sí yàrá, Bàbá ti jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, sórí aṣọ tí wọ́n tẹ́ dáadáa yẹn. Mo ṣì ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu. Wọ́n ṣíwájú mi sọ tiwọn.

"Mi ò mọ ibi tí ìyá rẹ ń fi iyọ̀ sí."

"Kí lẹ wí?"

"Iyọ̀. Láti ìgbà tó ti lọ, mi ò mọ ibi tó wà. Ẹyin tí mò ń sè láàárọ̀ tí o bá ti lọ síbi iṣẹ́, láìníyọ̀ ni mò ń jẹ ẹ́. Mi ò fẹ́ bi ọ́. Tí n bá bi ọ́, á dà bíi pé kò ní padà wá." Wọ́n fọwọ́ nu ojú wọn. "Ilé yìí ò ṣeé dá wà. Mi ò lè ṣe é mọ́."

Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe sí i? Ìbínú mi ò lọ o, ó kàn ń wá ibi tó máa dúró sí ni. Fóònù mi dún. Mo rí nọ́mbà ọsibítù, mo sì fẹ́ kó dún títí kó fi dákẹ́.

"Gbé e," Bàbá ní.

"Mo ti wọ bàtà mi," ohùn Màámi ni. "Mọ́tò wo ló ń bọ̀ wá gbé mi?"

"Màámi..."

Ìyá ni wọ́n, wọ́n ti gbọ́ ọ.

"Ta ló bà á jẹ́?"

Mo lè di ẹrù náà ru Mo-Wà-Lọ́nà, kì bá má tọ́ sí i. Bàbá na ọwọ́, mo sì fi fóònù náà lé wọn lọ́wọ́. Yàrá dákẹ́ débi pé mò ń gbọ́ Màámi láti ibi tí mo dúró sí.

"Èmi ni," Bàbá ní. "Mo fi wáyà purọ́ kí wọ́n lè gbé ọ wá. Ọmọ rẹ ló tú u fó."

"Ṣé ó lè pa mí?"

"Ó lè pa ọ́."

"Ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀."

Èémí Màámi nìkan là ń gbọ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ń lọ, ó ń há, ó tún ń lọ.

"Bàbá àwọn ọmọ mi," wọ́n ní, "ẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ògiri náà. Ẹ fara balẹ̀... kí wọ́n ṣe é dáadáa. Mo máa... mo máa dúró dè yín."

Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, wọ́n ní láti sinmi kí wọ́n tó lè parí rẹ̀. Mo gbọ́ ọ, Bàbá náà gbọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó lè sọ nínú wa bóyá ohun tí wọ́n ṣèlérí yẹn wà lọ́wọ́ wọn.

"Ó dáa," Bàbá ní. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di fóònù mú. "Bọ́ bàtà yẹn ná, kí ẹsẹ̀ má bàa wú ọ́."